Àpótí Aṣọ Ìyá Mi

    Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ kan ni, àti ti ọ̀rẹ́ mi kan tí èmi àti òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká nítorí ohun tí ó wà nínú àpótí náà.

Aránṣọ ni mí. Abẹ́rẹ́ ni mo fi jẹun láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi ti gbàdúrà fún mi tí mo gba òmìnira, títí di ìgbà tí ojú mi kò lè ti okùn bọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́ láìlo awò. Ṣùgbọ́n aláró ni ìyá mi. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, àárín ìkòkò aró ni mo sì ti kọ́ ìrìn. Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, iṣẹ́ mi ni láti gún ewé èlú nínú odó, kí ìyá mi tó mọ ọ́n ní róbótó-róbótó, kí a sì sá a sí oòrùn. Ọwọ́ mi a máa dúdú títí dé ọrùn ọwọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì a sì máa pè mí ní Ọmọ Aláró. Nígbà náà, orúkọ yẹn a máa bí mi nínú. Lónìí, ẹni tí ó bá fi pè mí, n ó fún un ní àga kí ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ aró kò lè ṣàjèjì sí ará Òṣogbo. Ẹ ó ti gbọ́ ìtàn bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ṣe kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí omi wọ́n wọn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n gé igi, igi wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni orúkọ ìlú wa ti wá. Bí mo bá rò ó, ẹ̀rín a máa pa mí. Ìlú tí ìkòkò aró ti fọ́ kí wọ́n tó kọ́ ilé kan ṣoṣo, kí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ìbá tún ṣe bí kò ṣe kí wọ́n gbé ìkòkò mìíràn kalẹ̀? Ẹ sì kíyè sí i pé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ará Òṣogbo àti ará Iléṣà tí wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, ẹ má dá sí i, ẹbí ni wọ́n.

Ìsìnkú ni ó mú èmi àti ọ̀rẹ́ mi pàdé. Àwọn ọmọ olóògbé ra aṣọ ẹbí ní ìgàn-ìgàn, wọ́n sì pín rírán rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èmi ní Òṣogbo, òun ní Iléṣà. Nígbà tí a kó iṣẹ́ jọ sí ojú kan, mo ń gbá àgékù aṣọ lọ sí ààtàn, ni arábìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe?” Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, ìwọ ni o sọ ọ́ di ìdọ̀tí.”

Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò rẹ̀, ó sì fi ọdún bíi mẹ́fà jù mí lọ. Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé lè máa gbọ́ orúkọ yìí láìmọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ lọ sí ìlú tí ó jìnnà, wọn a sì tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, ọlọ́jà yóò padà wá. Bí onígbèsè bá ń sọ pé òun kò tí ì rí owó, ará Ìjẹ̀ṣà kò ní jà, kò ní pariwo, yóò kàn ló òṣó sí ẹnu ọ̀nà, yóò ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ta ni yóò fẹ́ kí aládùúgbò máa rí àlejò lóròó sí ẹnu ọ̀nà òun láti òwúrọ̀ di alẹ́? Owó yóò jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní òṣómàáló, owó náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi kọ́ ilé tí wọ́n sì fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Bàbá Ìyá Ìbejì ní àpò kékeré kan tí ó máa ń kó àpẹẹrẹ aṣọ sí, awẹ́ kan láti ara ìgàn kọ̀ọ̀kan tí ó ń tà, kí oníbàárà lè fi ọwọ́ kàn án kí ó tó sọ èyí tí ó fẹ́. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọkùnrin pín ilé, wọ́n pín oko kòkó. Òun ní kí wọ́n fún òun ní àpò àpẹẹrẹ. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jù ú sí i. Àwọn awẹ́ aṣọ wọ̀nyí ni ó rán pọ̀ di aṣọ ìbora kan. Mo ti rí aṣọ púpọ̀ ní ilé ayé yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ́kọ́ tẹ́ èyí sílẹ̀ níwájú mi, ẹnu mi kò lè padé. Àrán wà níbẹ̀, ṣẹ́dà wà níbẹ̀, ànkárá oríṣiríṣi wà níbẹ̀, òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Kì í sì í ṣe pé ó kàn lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn tí ó pọ́n ni ó fi sí àárín, ó jẹ́ kí àwọn tí ó dúdú yí wọn ká, ó sì fi funfun díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí ojú yóò ti sinmi. Yóò sì máa fi ìka tọ́ka: “Èyí ni ó tà jù ní Ọ̀fà. Èyí, ìyá kan ní Ìlọrin ni ó mú un, kò sì san owó rẹ̀ tán títí bàbá fi kú.” Mo ní, “Àṣé òṣó kò ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin?” Ó ní, “Ó ṣiṣẹ́. Bàbá fẹ́ràn ọbẹ̀ ìyá náà ni.”

Irú aṣọ báyìí kò ní orúkọ kan pàtó tí gbogbo wa gbà ní èdè wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń pè é ní àránpọ̀. Àwọn kan rò pé àwọn òyìnbó ni ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni aṣọ òkè? Ahunṣọ kì í hun aṣọ fífẹ̀ lórí òfì àwọn ọkùnrin, tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun ún, ìbú rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Ìgbà tí a bá gé e tí a sì rán an mọ́ ara wọn ni ó ń di ìró, tí ó ń di agbádá. Sányán ni o, àlàárì ni o, ẹtù ni o, àránpọ̀ ni gbogbo wọn. Àdìrẹ pàápàá, aṣọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bíi yáàdì méjì àbọ̀ ni a ń rán pọ̀ kí ó tó di ìró kan. Ẹ tún wo aṣọ egúngún. Awẹ́ aṣọ lórí awẹ́ aṣọ ni, àwọn mìíràn ní etí bí eyín ayùn, àwọn ọmọ ilé yóò sì tún máa fi tuntun kún ti àtijọ́ bí ọdún ti ń yí po, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ tí bàbá ńlá fi sí i yóò wà ní inú lọ́hùn-ún, ti ọmọ-ọmọ yóò wà ní òde. Ẹni tí ó bá ti rí egúngún tí ó ń fẹ́ aṣọ rẹ̀ káàkiri kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé àgékù aṣọ ní iyì.

Ó di ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí mi ní Òṣogbo, kí n gbé àpótí mi jáde, òun náà yóò gbé tòun wá, kí a jọ wo ohun tí olúkúlùkù ní. Iléṣà sí Òṣogbo kò ju bí ogún máìlì lọ. Aago mẹ́sàn-án kò tí ì lù tí ó fi dé, ó ru ẹrù bí ẹni tí ń lọ sí ọjà Ìpetu. A tẹ́ ẹní sí pálọ̀, a ti ilẹ̀kùn kí ewúrẹ́ má baà wọlé, a sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí tèmi. Àpótí pákó ni, ìyá mi ni ó ni ín. Ohun tí ó wà lókè pátápátá kì í ṣe aṣọ rárá: ìyẹ́ adìyẹ mẹ́ta tí a fi okùn dì, àti ọwọ̀ tín-ín-rín kan láti ara màrìwò. Àwọn ni kálàmù ìyá mi. Ẹ̀kọ tí a fi láfún sè ni yíǹkì rẹ̀, a sì máa ń po álọ́ọ̀mù díẹ̀ mọ́ ọn. Yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, yóò ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, yóò sì máa yàwòrán láìkọ́kọ́ fi pẹ́ńsù tọ ọ̀nà. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, a ó ti aṣọ bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tí a bá sì há ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán yóò yọ ní àwọ̀ ojú sánmà lára aró dúdú. Èyí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àdìrẹ oníko ni èyí tí a fi ìko dì ní sókí-sókí kí a tó rẹ ẹ́, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Òṣùpá tàbí Òṣùbàm̀bà. Aláàbẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán ní ìṣẹ́po kí ó tó wọ inú ìkòkò. Mo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí aró ṣe ń ṣe, nítorí ohun ìyanu ni. Ìkòkò méjì ni a ń gbé lé ara wọn, èyí tí ó wà lókè ní ihò nídìí. Eérú ni a ń kó sínú rẹ̀, eérú igi tàbí ti èèpo kòkó, a ó da omi sí i, omi yóò sì máa kán tó, tó, tó sí ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a fi ń rẹ èlú tí a ti gún. Yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, òórùn rẹ̀ a sì máa gba gbogbo agboolé. Aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró kì í dúdú o. Ó ń jáde bí àwọ̀ ewé ni, ojú yín ni afẹ́fẹ́ yóò sì ti máa sọ ọ́ di aró. Bí a bá fẹ́ kí ó dúdú dáadáa, a ó tún tì í bọ̀ ọ́, a ó tún sá a, léraléra. Ìgbà tí aró òyìnbó inú agolo dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbà á láàyè ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ní Ìyá Màpó, ẹni tí àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ń kókìkí rẹ̀, kò mọ agolo.

Abẹ́ gbogbo rẹ̀ ni Ìbàdàndùn wà. Ẹ ó ti rí irú rẹ̀: aṣọ tí a pín sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, tí àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, tí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó Ìbàdàn sì wà nínú wọn pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó àti òpó. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn obìnrin aládìrẹ kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí òkè kí wọ́n tó gbé e sórí aṣọ. Ọwọ́ ìyá mi ni ó ya èyí. Òun ni ó ró lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, òun ni ó fi pọ̀n àkọ́bí mi. Nígbà tí ó kú, mo ká a sí mẹ́rin, mo tún ká a sí mẹ́rin, mo kó káńfọ̀ sí i, mo sì tì í pa. Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì wá yìí ni ìgbà kejì tí n ó tú u.

Nígbà tí a tẹ́ ẹ, mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ya. Ojú ibi tí mo ti ká a ni ó là. Apá kan aṣọ náà dára síbẹ̀, ṣùgbọ́n apá kejì, kòkòrò ti jẹ ẹ́ láti etí wọ àárín, ojú ìká sì ti fàya ní ọ̀nà mẹ́ta. N kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó fi ọwọ́ wọ́ ọ jẹ́jẹ́, ó sì sọ ohun tí ó bí ìjà. Ó ní, “Àbúrò, apá yìí ti lọ. Jẹ́ kí a gé èyí tí ó dára nínú rẹ̀ kí ó tó lọ tán. Wò ó, ìyá rẹ ti pín in sí onígun mẹ́rin fún wa kí a tó dé.”

Mo ní, “Ṣé aṣọ ìyá mi ni ẹ fẹ́ ti àlùmọ́gàjí bọ̀?”

Ó ní, “Kí ni o fẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún? Fún kòkòrò?”

N kò fẹ́ tún gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà sọ lórí rédíò. Mo sọ fún un pé aṣọ bàbá òun jẹ́ aṣọ ọjà, pé ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ya aṣọ kò lè mọ ìrora gígé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ó ká ẹrù rẹ̀, ó kí mi dáadáa bí ẹni tí a kò ṣẹ̀, ó sì wọ mọ́tò padà sí Iléṣà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá kí ènìyàn dáadáa jù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Láàárín oṣù tí a kò fi rí ara wa, ọkùnrin kan tí ń ra aṣọ àtijọ́ kiri yà sí ọ̀dọ̀ mi. Irú wọn pọ̀ ní Òṣogbo, nítorí láti ìgbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962 ni àwọn àlejò ti ń wá ra iṣẹ́ ọnà ní ìlú wa. Òwú wúlù ni Adébísí Fábùnmi fi ń ṣe àwòrán, ìlẹ̀kẹ̀ ni Jimoh Buraimoh fi ń ṣe tirẹ̀, Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà sì fi ẹ̀kọ àti aró ya aṣọ ńláńlá. Nike Davies-Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbí ní 1983, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní owó ni ó sì ti kọ́ àdìrẹ níbẹ̀. N kò bá ẹni tí ń ra aṣọ jà, òwò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin yìí dá iye lé Ìbàdàndùn, apá tí ó dára nìkan ni ó fẹ́ rà. Ó ní kí n sọ ìyókù nù. Ìdọ̀tí ni ó pè é. Mo sì rántí ẹni tí ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn lé mi lọ́wọ́ padà. Mo ní kí ó máa lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún rántí ìtàn kan tí mo ti kà, ti obìnrin dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Harriet Powers. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Georgia ní 1837. Lẹ́yìn tí ìdè ẹrú já, ó fi àgékù aṣọ ṣe àránpọ̀ kan, ó gé ènìyàn àti ẹranko láti ara aṣọ, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn láti fi sọ ìtàn Bíbélì, àwòrán mọ́kànlá. Obìnrin funfun kan rí i níbi ìpàtẹ ní 1886, ó fẹ́ rà á, Harriet kọ̀. Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyà jẹ òun àti ọkọ rẹ̀, ó ru aṣọ náà lọ fúnra rẹ̀. Dọ́là mẹ́wàá ni ó pè é, márùn-ún ni ó gbà. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó dúró, ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó rà á, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ó tún máa ń padà wá wo aṣọ náà. Lónìí, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba Amẹ́ríkà ni ó wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń wo irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń rántí àwọn aránṣọ Àbọ̀mẹ̀ ní ilẹ̀ Dàhòmì, tí wọ́n ń gé kìnnìún àti ẹyẹ láti ara aṣọ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo ní aṣọ ìyá mi lọ́wọ́, n kò sì tí ì ṣàlàyé àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ pé òpó ni òpó náà. Ọ̀kan nínú wọn rò pé àkàbà ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Mo kúnlẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò jẹ́ kí orúnkún mi kan ilẹ̀. Ó ní, “Dìde, kí àwọn ará ilé má rò pé mo jẹ ọ́ lówó.” Mo ní, “Òṣó ni mo fẹ́ ló.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọ̀nà tí a gbé e gbà nìyí. A kò ní gé apá tí ó dára. A ó tú ojú rírán àárín tí ó so apá méjèèjì pọ̀, a ó fi èyí tí ó dá ṣáṣá sílẹ̀ ní odindi, a ó sì gé ìkejì. Ọwọ́ ìyá mi ni ó rán ojú rírán náà, abẹ́rẹ́ kéékèèké tí kò yà. Mo fi abẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tú u láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, Ìyá Ìbejì ń ká okùn náà sórí ìka rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó tú tán, aró tí ó wà lábẹ́ ìṣẹ́po dúdú bí kóró iṣin, bí ọjọ́ tí ó ti inú ìkòkò jáde. Gbogbo ìyókù aṣọ náà ti ṣá, oòrùn àti ọṣẹ ti gba tiwọn. Ibi tín-ín-rín yẹn nìkan ni kò tí ì rí ayé. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe dúdú tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àránpọ̀ tiyín, ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo àgékù yín nínú omi tútù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí omi yóò fi mọ́, pàápàá àdìrẹ, nítorí aró a máa ṣàn bá aṣọ mìíràn. Ẹ gé páálí kan ní onígun mẹ́rin, kí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, òun ni ẹ ó máa fi wọn gbogbo wọn. Ẹ fi ìdajì ìka sílẹ̀ yí i ká fún ojú rírán. Ẹ lọ̀ wọ́n. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ná, kí ẹ sì sùn lé e, nítorí ojú alẹ́ kì í rí àwọ̀ dáadáa. Ẹ rán wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ rán ìlà mọ́ ìlà. Ìró àtijọ́ kan ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa gún abẹ́rẹ́ wọlé-wọ̀de kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n a máa kó òwú sí àárín. Èmi kò ṣe é. Aṣọ ìlọ́po méjì tó fún ọyẹ́ wa. Ní ti aṣọ tí ẹ kò bá fẹ́ gé, ẹ má ká a bí mo ti ká tèmi. Ẹ yí i mọ́ ara páálí gbọọrọ tí ìgàn aṣọ máa ń wà lára rẹ̀, ẹ máa sá a sí ibòòji lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí káńfọ̀ fara kàn án. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, àti ẹni tí ó ṣe é, sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi sí i.

Onígun mẹ́sàn-án péré ni ó ṣeé lò nínú apá tí ó bàjẹ́. Ìyá Ìbejì mú àwọn awẹ́ àrán bàbá rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù wá, a sì fi wọ́n yí àdìrẹ ká. Àránpọ̀ méjì ni a ń ṣe, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi. Mẹ́rin kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wa. Ìkẹsàn-án wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí òpó Màpó wà nínú rẹ̀ ni. Ó ní òun ni àgbà, òun ni ó tọ́ sí. Mo ní ìyá mi ni ó yà á. Ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni yóò tún dé. Mo ti ra ẹja, mo sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti àlùmọ́gàjí mọ́lé. Ó dàárọ̀ o.